Ojú Olúọdẹ Nínú Géèmù

Ìyá Gbọlágadé ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ojú tí a fi sínú géèmù wa kò ríran. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, kò sì sí ẹni tó ń gbá géèmù náà tó o ní gbogbo Òkè-Ẹfọ̀n. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ó wọ ilé iṣẹ́ wa wá. Ó yọ àṣíborí tó fi ń gbá géèmù jáde nínú báàgì, ó gbé e ka orí tábìlì mi bí ẹni tó ń dá ẹja tó ti bàjẹ́ padà fún ẹni tó tà á.

"Ọdẹ́bùnmi," ó ní, "ojú tí ẹ fún wa yìí, mo ti lò ó rí. Ọdún méje gbáko ni mo fi lò ó. Dókítà ló bá mi yọ ọ́ kúrò."

"Mà, ojú ènìyàn nìyẹn," mo dá a lóhùn. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, mo ti sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́tàlélógún. "Tí ẹ bá na ìbọn gidi sí ẹran, ẹ ò lè rí ẹnu ìbọn kedere kí ẹ tún rí ẹran náà kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọ̀kan, èkejì á ṣú. Géèmù àwọn ará ibòmíràn ló ń fi gbogbo rẹ̀ hàn rekete. Irọ́ sì ni wọ́n ń pa."

"Mo mọ ìyẹn. Ṣé mo ní ó ṣú ni? Mo ní ó funfun. Bí ìgbà tí wọ́n da omi ògì sójú ènìyàn. Tí mo bá sì kọjú sí oòrùn, oòrùn á tú ká bí òwú. Mo wo àgbọ̀nrín kan títí lánàá, mi ò mọ̀ bóyá àgbọ̀nrín ni àbí àga."

Ọláìtán bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un, Mà. Èmi ti yìnbọn lu àga rí."

"Kò sí àga nínú igbó wa," mo wí.

"Ìyẹn gan-an ni mò ń wí."

Èmi àti Ọláìtán la jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun ló ń ṣe igbó, odò àti àwọn ẹran inú géèmù. Èmi ni mo ni ìbọn àti ojú: bí ìbọn ṣe ń wúwo lọ́wọ́, bí ó ṣe ń gbọ̀n bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, àti ohun tí ẹni tó dì í mú ń rí. Oṣù kan ni a ti ń bá ara wa jà. Òun ní kí géèmù dùn, èmi ní kó jẹ́ òtítọ́. Ó ti lọ yá ẹ̀rọ, ó fi wọn ojú ara rẹ̀, ó sì ṣe géèmù náà ní oríṣi kejì, níbi tí gbogbo nǹkan ti mọ́ kedere. Mo ní kó lọ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí mi ò ti ní rí i. Mo nawọ́ sí ìwé òfin Ilé Ìwọ̀n, àjọ tó ń ṣọ́ ìbọn, tí ẹnikẹ́ni tó bá fi ìbọn sínú géèmù gbọ́dọ̀ gbé kọ́ ara ògiri:

*Ìbọn inú géèmù gbọ́dọ̀ wúwo bí ìbọn. Ó gbọ́dọ̀ ta padà bí ìbọn. Ojú tí a ó fi wò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ọdẹ ìlú náà kan tó wà láàyè, tí dókítà kò fi abẹ kàn rí.*

"Mo wà láyé nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn," Ìyá Gbọlágadé wí. "Méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi la sin lọ́dún náà. Inú géèmù ni wọ́n ti kọ́ ìbọn. Wọ́n rò pé ìbọn gidi náà á mọ ibi tó yẹ kó lọ. Nítorí náà, mi ò bá òfin jà. Ojú ta ló wà nínú èyí?"

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà mi. Ọláìtán ló bá mi dáhùn. "Ojú Bàbá rẹ̀ ni. Olúọdẹ."

Ìyá Gbọlágadé wò mí pẹ́. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀. "Gíláàsì ni wọ́n fi sínú tèmi. Ó sì ń ya àwòrán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo gíláàsì ayé ìsinsìnyí. Ojú ẹ̀rọ ni òfin kà á sí, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà kí n sún mọ́ ibi tí ìbọn wà. Bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yẹ ojú yẹn wò, ọmọ mi." Ó fi àṣíborí sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ.

Mo bínú sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Nígbà tí Ilé Ìwọ̀n wá wọn ojú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ogójì ọdẹ ló tò síta. Àwọn kan wà nínú wọn tí ojú wọn dà bí ti àṣá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fo Olúọdẹ kọjá? Orí ẹran tí ọdẹ bá kọ́kọ́ pa nínú ọdún, tirẹ̀ ni. Àga àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n béèrè ojú ẹnì kan, gbogbo wa nawọ́ sí i, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ na tèmi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ojú kì í dájọ́. Ohun tí ojú bá rí ni ó ń kọ sílẹ̀.

Ní ti pé ṣé ẹnì kan ti yẹ ojú rẹ̀ wò rí, rárá. Lọ́dọọdún, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, àwọn ọdẹ máa ń pàdé níwájú àpáta ńlá. Olúọdẹ á gun àpáta náà fúnra rẹ̀, á so aṣọ funfun mọ́ èyí tó wù ú nínú àwọn ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀, á ní kí wọ́n kà á láti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣì í kà, á gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó so aṣọ kì í kà á.

Mo wọ àṣíborí, mo di ìbọn géèmù mú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dán an wò, ṣùgbọ́n pákó àmì nìkan ni mo máa ń yìnbọn sí, nítorí ìbọn ni mò ń wò, kì í ṣe igbó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí Ọláìtán kó túùkú sínú koríko, kó sì fi ọkùnrin kan tó lóṣòó sí àárín wọn.

"Kí nìdí tí ọkùnrin á fi lóṣòó sí àárín ẹlẹ́dẹ̀ igbó?"

"Ọláìtán, jọ̀ọ́."

Ó ṣe é. Ogójì ìṣísẹ̀ ni mo dúró sí. Mo rí ohun márùn-ún tó dúdú nínú funfun. Mo wò ó pẹ́. Mo fi èémí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, mo yan èyí tó tóbi jù, mo yìn ín.

"O ti pa ọkùnrin náà," Ọláìtán wí.

Mo yọ àṣíborí. Mo wo kàlẹ́ńdà. Kì í ṣe nítorí géèmù. Ní Sátidé, ọ̀túnla, ni wọ́n fẹ́ lé túùkú kúrò nínú oko iṣu. Àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú oko kò gbọdọ̀ pa ohun ẹlẹ́mìí, nítorí náà ọdẹ ni a máa ń pè. Ogójì ènìyàn á wọ inú igbó, wọ́n á máa pariwo bọ̀, túùkú á máa sá bọ̀ níwájú wọn. Olúọdẹ á dúró ní ìdojúkọ wọn pẹ̀lú ìbọn. Òun ló ń kọ́kọ́ yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ṣáájú rẹ̀.

"Òtítọ́ ni mò ń pe ìkùukùu yẹn láti ọdún mẹ́ta," mo wí.

Ọláìtán kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọrírì ìyẹn. Ó kàn ní, "Agogo méjì ni Ilé Ìwọ̀n ń bọ̀ wá tún òǹtẹ̀ wa lù. Bàbá náà ń bọ̀, torí àwọn ló ni ojú. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Mi ò mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ Bàbá lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá tún ojú náà ṣe fún un, wọn ò ní dá ìbọn padà, nítorí ojú tí wọ́n bá ti tún ṣe, ojú gíláàsì ni. Olúọdẹ tí kò ní ìbọn kì í ṣe Olúọdẹ mọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Bàbá ti ń wọ igbó yẹn. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí agogo lu méjì, àwọn méjèèjì jọ wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Kúṣìmọ́, òṣìṣẹ́ Ilé Ìwọ̀n, sanra, ó sì máa ń fi aṣọ nu ọrùn. Bàbá tẹ̀ lé e, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìbọn rẹ̀ kọ́ sí èjìká. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lára ìbọn náà ń tàn. Àtàǹpàkò Bàbá ló ń ṣí i. Láìsí i, irin lásán ni.

"Àrẹ̀pa o, Bàbá," mo kúnlẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń fẹjọ́ ojú mi sùn."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá," Kúṣìmọ́ wí, ó ti jókòó. "Mo ka gbogbo ẹjọ́ náà. Adùn ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ẹran wá jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀."

"Kó tún bá wọn yọ awọ ara rẹ̀," Bàbá fi kún un. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí Ọláìtán gbé oríṣi kejì wá, èyí tó fi ojú ara rẹ̀ ṣe. Ó wò mí bí ẹni tó rí iwin, ṣùgbọ́n ó gbé e wá. "Bàbá," mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí fún mi. Ẹ kàn wò ó."

Bàbá wọ àṣíborí náà. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó na ọwọ́ jáde, ìka rẹ̀ sì ń rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa nǹkan.

"Ewé yìí ní eyín létí," ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún wí pé, "Eèrà wà lára igi."

Ọkàn mi lọ sókè. Mo rò pé ó ti rí i. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, n kò ní í sọ nǹkan kan.

Ó yọ àṣíborí, ó gbé e fún mi. "Irọ́ ni," ó wí. "Ojú ènìyàn kì í ríran báyìí. Ta ní ń ka eèrà láti ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀? Ohun ìṣeré ọmọdé nìyí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá!" Kúṣìmọ́ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Adùn àpọ̀jù. Kò bá òfin mu."

"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ẹ ò ní pa mí!" Ọláìtán pariwo. "Ojú mi gan-an ni mo wọ̀n! Báyìí ni mo ṣe ń ríran! Ṣé irọ́ lojú mi ni?"

"Ìwọ kì í ṣe ọdẹ," Kúṣìmọ́ wí.

"Ọlọ́run má jẹ́ kí n di ọdẹ." Iná ilé iṣẹ́ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú sípánà. "Sólà iná wa ti tún dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a jà, ó máa ń gbọ́ràn jù yín lọ." Ó jáde.

Ó wù mí kí n fi orí gbá ògiri. Bí mo bá ní kí Bàbá wo géèmù tirẹ̀, á ní òtítọ́ ni, torí ojú rẹ̀ ni. Bí mo bá ní kó wo ti ẹlòmíràn, á ní irọ́ ni, torí kì í ṣe ojú rẹ̀. Òun ni ọ̀pá tí a fi ń wọn gbogbo nǹkan, mi ò sì rí ọ̀pá mìíràn tí mo lè fi wọn òun.

Ó ti rẹ Kúṣìmọ́ náà. Ó fẹ́ kí a parí rẹ̀ kó máa lọ. Ó dìde, ó dúró lẹ́nu wíńdò. "Ọmọ Olúọdẹ, mo mọ ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Jẹ́ ká tán an báyìí. Bàbá, ẹ bá mi wo ìta. Nídìí sólà yẹn, kí lẹ rí?"

Ogójì ìṣísẹ̀ ni sólà wa sí wíńdò, bóyá díẹ̀ kún un. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ dúdú. Ẹ lé e, á jẹ wáyà yín."

Ọláìtán dìde níbi tó lóṣòó sí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá sílé.

Kúṣìmọ́ fi aṣọ nu ọrùn, ó nu iwájú orí. "Oòrùn ló wọ Bàbá lójú," ó wí níkẹyìn.

"Ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà," mo wí.

"Mo ní oòrùn ni." Ó mú ìwé jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Mi ò gbọ́ ewúrẹ́ kankan. Ibi tí ẹni tó ṣe ojú géèmù ti ń fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nìyí. *Ojú inú géèmù yìí pé, ó sì ń ríran.* Fọwọ́ sí i, kí o gba òǹtẹ̀ ọdún mẹ́ta, ká lọ jẹun. Àgbà ni. Ta ni yóò wá jẹ́ ẹni tó máa sọ ọ́ sí i lójú?"

"Fọwọ́ sí i, Àmọ̀kẹ́," Bàbá wí.

Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò tí ì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ kì í tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀. Nínú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, mo rí i, funfun bí ìyẹ̀fun.

"Bàbá, ẹ mọ̀."

"Ẹsẹ̀ mi mọ igbó yẹn. Mo lè fi òkùnkùn rìn ín já."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi yìnbọn ní Sátidé."

"Èmi ni ò ń bá wí báyìí? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di èémí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ogójì ènìyàn ló máa wà níwájú yín. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Ọláìtán ní ewúrẹ́ ni."

Ọláìtán ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ń pè mí ní ewúrẹ́?" Ó rí ojú wa, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá gbé ọwọ́ lé okùn ìbọn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mi ò ní lọ ní Sátidé. N ó ní orúnkún ń dùn mí. Ọdẹ́jọbí igbákejì mi á yìn ín dípò mi. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Fọwọ́ sí ìwé ọkùnrin yìí."

Mo mú kálàmù. Kí n má parọ́, mo fi í kan ìwé. Ó rọrùn. Gbogbo wa á lọ sílé, Bàbá á jókòó lórí àga rẹ̀, ìbọn á wà lára ògiri, iná rẹ̀ á máa tàn.

"Sátidé tó tẹ̀ lé e ńkọ́?" mo béèrè.

Ó ń tún okùn ìbọn rẹ̀ ṣe.

"Bàbá, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹ ò ní yìn mọ́ láéláé, n ó sì fọwọ́ sí i báyìí."

Ó la ẹnu. Mo dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Bàbá mi kò parọ́ fún mi rí, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pa ẹnu dé.

Mo fa igi kọjá lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: *Ojú yìí kò ríran tó. Èmi Ọdẹ́bùnmi ni ẹlẹ́rìí.* Mo fọwọ́ sí i.

Kúṣìmọ́ kà á. "O ti ti ilé iṣẹ́ rẹ pa títí wọ́n fi máa wọn ojú mìíràn. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí." Ó mi orí, inú rẹ̀ kò dùn rárá, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìbọn tó wà léjìká Bàbá dún tá, bí ìgbà tí ènìyàn fọ́ ẹ̀pà. Iná aláwọ̀ ewé náà kú.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó bọ́ ìbọn kúrò léjìká, ó fi ọwọ́ wá etí tábìlì, ó sì gbé ìbọn náà lé e pẹ̀lẹ́ láàárín àwọn wáyà, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ògiri gẹ́gẹ́ bí ọdẹ gidi. Mo dìde láti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé."

"Mo mọ ọ̀nà."

Ọláìtán yà fún un. Ó fi ẹsẹ̀ wá ìloro, ó rí i, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mi ò kọjá ibẹ̀. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sólà, ó ń rìn ní ìdúróṣinṣin, èjìká tó máa ń gbé ìbọn ga díẹ̀ ju èkejì lọ. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti odò kí i pé, "Àrẹ̀pa o, Olúọdẹ!" Ó gbé ọwọ́ sókè sí ibi tí ohùn náà ti wá, kò sì dúró.

Mo pè é. "Bàbá!" Mo tún pè é, ohùn mi sì ga débi pé obìnrin náà dúró, ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí etí rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ilé, ó yà, kò sì bojú wẹ̀yìn.